Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tó Dí Ẹnu Ọ̀nà

"Rọra, Bilqis! Má jẹ́ kí báàgì rẹ kọ́ ọ!"

Bilqis gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó dúró. Ó bọ́ báàgì ìwé kúrò léjìká, ó gbé e lé orí, ó fa ikùn mọ́ra, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn gba àárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ògiri kọjá, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nílé onílé. Yàrá ìyá rẹ̀ sì nìyí o. Bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti Mùtíátù ìyá rẹ̀ ní nínú agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, nílùú Èkó, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin wà níbẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí ẹ̀rọ ńlá yẹn lè jókòó sí àfi ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ tuntun ni, irú èyí tó ń lo iná, tó lè rán aṣọ márùn-ún kí ẹ̀rọ àtijọ́ tí Mùtíátù ń fọwọ́ yí tó rán ẹyọ kan. Wọ́n lẹ àwòrán Ọnọ́rébù Fúnṣọ́ mọ́ ọn lára. Ọnọ́rébù yìí ló ń du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ ládùúgbò wọn, ó sì fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà. Mùtíátù ti fi àjákù àǹkárá bò ó, ṣùgbọ́n bí fáànù bá ti ń fẹ́, aṣọ á ṣí, eyín á tún yọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n gbé e wá. Kàmọ́rù, ẹni tó ń bá Ọnọ́rébù wá ìbò lójúlé sójúlé, ti kọ́kọ́ kó obìnrin mọ́kànlélógún jọ sínú pálọ̀ kan. Ó tilẹ̀kùn, ó gbé Kùránì kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́wọ́ lé e, wọ́n búra pé Ọnọ́rébù ni àwọn yóò dìbò fún, àti pé àwọn kò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè kan pé àwọn gba nǹkan kan. Nígbà tí Bilqis tiléèwé dé tó bèèrè ibi tí ẹ̀rọ ti wá, ìyá rẹ̀ fi ìka lé ètè.

"Bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ," ni Mùtíátù wí. "Mo ti búra, mo sì ti bá ìwọ náà búra mọ́ ọn. Mo ní ẹnikẹ́ni nínú ilé mi kò ní sọ ọ́."

"Ẹ fi ẹnu tèmi náà búra, Màámi?"

"Ẹnu ta ni kí n fi búra? Ṣé èmi kọ́ ni mò ń wá oúnjẹ sí i ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ìbá mọ níbẹ̀ ká ní Bilqis kì í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìbò Kì Í Ṣe Ọjà.

Ẹgbẹ́ náà kò sí lẹ́yìn olóṣèlú kankan, kò sì sí ẹni tó ń sanwó fún wọn. Àwọn mẹ́fà péré ni, àkókò ara wọn ni wọ́n ń lò. Àǹtí Títílayọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ni olórí wọn. Tawfiq, tó ń tún fóònù ṣe, ló ń yá wọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú. Iṣẹ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Bí olùdíje bá pín ìrẹsì, wọ́n á kọ ọ́. Bó bá pín aṣọ, wọ́n á kọ ọ́: ọjọ́ tó pín in, òpópónà tó ti pín in, iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Òfin ti fi gbèdéke sí iye tí olùdíje lè ná, ẹnikẹ́ni kì í sì í ka òfin náà sí. Wọ́n fẹ́ ka ìwé yìí sétí aráyé nínú gbọ̀ngàn kan ní Onikan, kí wọ́n tó gbé e lọ fún àjọ tó ń ṣètò ìdìbò.

"Ẹni tó bá fi owó rẹpẹtẹ ra ipò," Àǹtí Títílayọ̀ a máa wí, "owó yẹn ni yóò kọ́kọ́ wá padà. Nínú gọ́tà wa ni yóò sì ti wá a."

Gọ́tà yẹn ló mú Bilqis dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá, omi gọ́tà tí wọ́n ti sọ pé wọn yóò tún ṣe láti ìgbà tí wọn kò tíì bí i ló wọ yàrá wọn, tó ba gbogbo ìwé rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò tíì tó ìbò í dì, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ rẹ̀ dára débi pé Àǹtí Títílayọ̀ ní òun nìkan ni kó máa mú ìwé náà lọ sílé láti dà á kọ.

Ohun kan ló kù tí wọn kò rí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ sí i pé òun gbà. Ìwé tí kò ní ẹlẹ́rìí, àhesọ ni. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n rí ẹni mẹ́ta, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ìyá Àṣàbí ni àkọ́kọ́. Arúgbó yìí ń ta orín, kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú lórí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà tóóró tó wọ agbo ilé wọn. Ó ní wọ́n fún òun ní àpò ìrẹsì kan, òun sì ti jẹ ẹ́ tán, inú òun sì ni ìrẹsì náà wọ̀, kò há sí òun lọ́fun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Àǹtí Títílayọ̀ ń pe ojúlé kọ̀ọ̀kan, Bilqis ń kọ ọ́.

"Ojúlé kẹtàlélógún. Ilé tiyín nìyẹn. Wọ́n gbé nǹkan wá?"

Bilqis kò gbójú sókè. "Rárá, mà."

Ó kọ "Kò sí" síwájú ilé wọn. Ọwọ́ tí gbogbo wọn ń yìn tún lẹ́tà ìparí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń bọ̀ láti iléèwé, ó bá Kàmọ́rù lórí àga oníke nínú ọ̀nà tóóró náà. Ọ̀nà ọ̀hún há débi pé obìnrin méjì tó ru ẹrù kò lè pàdé níbẹ̀. Kàmọ́rù na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé ògiri òdìkejì.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá Kàmọ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá."

"Akọ̀wé! Káàsán o." Ẹsẹ̀ kò kúrò. "Ṣé mọ́mì ẹ ń gbádùn maṣíìnì yẹn?"

"Wọ́n ń lò ó, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ti rí àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí ta kò wá. Mi ò ní kó o jí ìwé o. Ṣáà ya fọ́tò orúkọ wọn, kó o sẹ́ńdì ẹ̀ sí mi lórí Wasáàpù. Ó parí."

"Mi ò lè ṣe é, sà."

Kàmọ́rù kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba Bilqis lẹ́rù. "Òfin tí àǹtí yín ń kà káàkiri, ṣé ó ti kà á débi tó ti sọ pé ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà, òfin mú àwọn méjèèjì? Mọ́mì ẹ tẹ̀ka síwèé pé òun gba maṣíìnì, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá mú mi, a jọ ń lọ ni. Tí wọn ò bá mú mi, màá wá gbé maṣíìnì mi. Ìwọ náà tí o ń sọ òdodo kiri, ṣé o ò mọ̀ pé ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo?" Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. "Di ọ̀la."

Nígbà tí Bilqis dé ilé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ orin lẹ́nu ìyá rẹ̀. Iléèwé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti gbé ọgọ́ta yúnífọ́ọ̀mù fún un rán nítorí ẹ̀rọ tuntun yìí, àsansílẹ̀ tí wọ́n fún un ló sì fi san owó ìdánwò àṣekágbá Bilqis láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

"Wò ó," ni Mùtíátù wí, ó na ìwé ẹ̀rí owó náà sí i. "O ti di ọmọ ìdánwò. Gọ́tà kò ní gbé èyí lọ."

Kí ni Bilqis fẹ́ wí? Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ wà níwájú, ògiri wà lẹ́yìn. Bó bá fún Kàmọ́rù lórúkọ, ó ti da àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí kò bá fún un, ìyá rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, yúnífọ́ọ̀mù á dúró, orin á sì tún dákẹ́. Ó fẹ́ sọ fún Àǹtí Títílayọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹnu rẹ̀ búra. Gbogbo ọ̀nà tó wò ló dí. Kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó sọ fún ara rẹ̀ pé orúkọ lásán mà ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ lásán ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa kì í wá àwáwí tì. Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó yà á, ó fi ránṣẹ́. Àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni Kàmọ́rù fi dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, tábìlì Ìyá Àṣàbí kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ìyá arúgbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó to orín rẹ̀ sínú abọ́, àwọn kànhìnkànhìn sì wà lórí ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan ló wá fọ́ tábìlì náà láàárọ̀ kùtù.

"Ọmọ kéwú mi," ni Ìyá Àṣàbí kí i. Bó ṣe máa ń kí i láti kékeré nìyẹn. "O ti ń lọ síléèwé? Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìmọ̀ náà wúlò fún ẹ."

"Ìyá, tábìlì yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ń dí ọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún orín inú abọ́ tò. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó síbí. Òní yìí ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo dí òun. Gba orín kan, kí eyín ẹ funfun lọ ṣèdánwò."

Bilqis fọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò lè rún un. Ó fi sínú báàgì, gbogbo ọjọ́ yẹn ló sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láàárín àwọn ìwé rẹ̀.

Kó tó di ìpàdé, àwọn ẹlẹ́rìí méjì yòókù ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ orúkọ àwọn. Inú ṣọ́ọ̀bù Tawfiq gbóná lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Ẹnì kan nínú wọn sọ ọ́ jáde: "Wọ́n ní fọ́tò ojú ewé orúkọ ló wà lọ́wọ́ Kàmọ́rù. Ẹni tó mọ ìdí fóònù jù láàárín wa, a kúkú mọ̀ ọ́n." Gbogbo ojú yí sí Tawfiq.

"Èmi?" ni Tawfiq wí.

Àǹtí Títílayọ̀ fọwọ́ nu ojú. "Mi ò sọ pé ìwọ ni, Tawfiq. Ṣáà fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ̀ ń lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi?" Tawfiq wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. "Kò burú. Ẹ bọ́ síta kí n tilẹ̀kùn."

Bilqis kó ìwé sínú báàgì rẹ̀. Ó bá wọn jáde. Ojú tì í débi pé kò lè wo kọ́kọ́rọ́ tó ń yí nínú àgádágodo.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gba ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànràn lọ sọ́dọ̀ Aáfà Jíbrílù, tó kọ́ ọ ní kéwú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Aáfà ń fọ wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kọ́ kéwú. Bilqis kúnlẹ̀, ó kí i.

"Aáfà, ẹnì kan ló búra lórí Kùránì pé òun ò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí kò fẹ́ sọ yẹn ló wá ń pa ẹlòmíràn lára."

"Ẹnì kan." Aáfà kò dáwọ́ dúró. "Ẹnì kan yẹn, ṣé ó ga tó ẹ?"

Bilqis mú wàláà kan, ó bá a fọ̀ ọ́.

"Kí ni o kà lọ́jọ́ wòlímọ̀ tó o parí kéwú?"

"Nínú Súrátù Máídà ni, sà."

"Kà á fún mi."

Ó di ojú, ó kà á bó ṣe kà á lọ́jọ́ tó wọ aṣọ funfun, tí gbogbo ẹbí ń ná owó fún un, tí ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Ó kà á dé ibì kan, Aáfà gbé ọwọ́ tó tutù sókè.

"Dúró. Kí ni ìtumọ̀ ibi tó o kà yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n sórí, ẹ ò mọ̀ ọ́n sínú! Ìwọ fúnra ẹ lo fẹnu ara ẹ kà á níwájú wa, ìbéèrè tó o gbé wá yìí, ibẹ̀ ni èsì ẹ̀ wà. Ọlọ́hun ní ìbúra tí èèyàn bá fọkàn ṣe, òun yóò bi í léèrè. Ìtánràn rẹ̀ sì rèé: kó bọ́ aláìní mẹ́wàá, tàbí kó wọ̀ wọ́n láṣọ. Ẹni tí kò bá ní agbára, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ànábì náà sì ní ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ohun mìíràn dára ju ohun tó búra lé, kó ṣe èyí tó dára, kó san ìtánràn. Wọn ò fún wa ní Kùránì ká máa fi ti òtítọ́ mọ́lé."

"Tó bá jẹ́ pé ìyá ẹni ló búra ńkọ́, sà? Tí wọ́n tún fi ẹnu ẹni búra mọ́ ọn?"

Aáfà gbé wàláà kalẹ̀. "Bó jẹ́ ìyá ẹni, wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó o tó sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu ẹlòmíràn búra, Bilqis. Ìbúra ìyá ẹ ò dè ọ́. Ẹnu tìẹ, ìwọ lo pa á dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Bilqis jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò rí àyè. Ó há ara rẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ, orí rẹ̀ kan irin, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: irọ́ tó kọ síwèé, fọ́tò tó fi ránṣẹ́, tábìlì tí wọ́n fọ́, Tawfiq tí wọ́n lé. Mùtíátù gbé ọwọ́ láti gbá a létí, ọwọ́ náà gbá ẹ̀rọ, ó sì dùn ún.

"Ìyá Àṣàbí?" ni Mùtíátù wí, ó di ọwọ́ náà mú. "Ìyá Àṣàbí tó gbé kànhìnkànhìn àti ọṣẹ wá lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ?"

"Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é, Màámi. Nítorí yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú yín."

Mùtíátù jókòó. Afẹ́fẹ́ ṣí àǹkárá, eyín Ọnọ́rébù yọ, kò sì bò ó mọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó bèèrè ohun tí Aáfà sọ, Bilqis sì tún un sọ fún un.

"Aláìní mẹ́wàá," ni Mùtíátù wí nígbà tó yá. "Níbo ni n ó ti rí oúnjẹ wọn? Àwa gan-an wà lára mẹ́wàá ọ̀hún."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́rú, Bilqis bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kò mu ún. Lọ́sàn-án, oòrùn mú, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù, ètè rẹ̀ gbẹ, kò fọwọ́ kan omi. Oṣù ààwẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́. Bilqis mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó rọra gbé ife omi náà kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà yẹn ni Bilqis lọ bá Àǹtí Títílayọ̀. Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà.

"Mi ò ní lé ẹ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n o ò ní kọ ìwé yìí mọ́. Ọwọ́ ẹ dára, Bilqis. Ohun tí mo nílò ju ọwọ́ tó dára lọ. Tó bá jẹ́ pé ìyá ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tá a bá ń ka ìwé yìí ní Onikan ní Satidé, mi ò lè ṣèlérí pé kò ní sí wàhálà o. Sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni kó tó fọwọ́ síwèé."

Tawfiq ńkọ́? Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Bilqis láìgbójú kúrò lára fóònù tó tú kalẹ̀. "Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn kan ò kí mi mọ́ ládùúgbò yìí," ni ó wí. "Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Satidé pé. Ìdajì gbọ̀ngàn Onikan ṣófo, àwọn tó wá náà sì jókòó sítòsí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè sá. Kàmọ́rù wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya ojú ẹnikẹ́ni tó bá mira. Àǹtí Títílayọ̀ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí: ìrẹsì, aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀rá iyọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ó ro iye rẹ̀ pọ̀, ó sọ iye tí òfin gbà. Ó wá bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó lè jẹ́rìí sí i.

Bilqis dìde. Fóònù Kàmọ́rù yí sí i.

"Ojúlé kẹtàlélógún," ni ó wí. "Wọ́n kọ 'Kò sí' síbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, irọ́ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílé wa. Èmi náà ni mo fi orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wa. Kì í ṣe Bọ̀dá Tawfiq. Èmi ni."

Ariwo sọ. Ẹnì kan pòṣé. Mùtíátù dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ìborùn nu ẹnu.

"Èmi ni ìyá ẹ̀. Èmi ni mo gbà á. Mo gbọ́wọ́ lé Kùránì pé mi ò ní sọ ọ́, mo sì ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra yẹn. Wọ́n ní wọn yóò mú mi. Wọ́n mọ ilé mi. Ẹ fún mi ní bírò."

Kàmọ́rù pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹnu tó jẹ dọ̀dọ̀! Ẹ wo ẹni tó fẹ́ sọ òdodo!"

Ìyá Àṣàbí ló fèsì. Ó ti ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dúró dè é. "Kàmọ́rù, mo kí ọ o. Èmi jẹ dọ̀dọ̀ yẹn. Ó dùn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n kò ta ahọ́n mi mọ́ ọn. Àpò ìrẹsì kan ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ tábìlì mi tì í."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ sì dín kù díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo obìnrin mọ́kànlélógún yẹn ló fọwọ́ síwèé. Mẹ́rin péré ló ṣe é lẹ́yìn Mùtíátù. Àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó dé ọ́fíìsì àjọ ìdìbò lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe àhesọ mọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fi ṣe, àwa náà ṣì ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin méjì wá gbé ẹ̀rọ. Mùtíátù ti nù ún, ó ti fi òróró sí i, ó sì ti tú òwú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ nítorí òwú yẹn, òun ló fi owó ara rẹ̀ rà á. Yúnífọ́ọ̀mù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù nílẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni yóò fi parí wọn, àwọn oníléèwé sì ti ń bínú. Láàárọ̀ kùtù kí Bilqis tó kàwé, òun ni yóò máa gán bọ́tìnnì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Tawfiq ni, pẹ̀lú tábìlì kan tó ti gbó díẹ̀. Kò kí Bilqis, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Di ẹ̀gbẹ́ kan mú," ni ó wí. "Ìyá Àṣàbí ń dúró dè wá."

Bilqis dì í mú. Wọ́n gbé e gba ọ̀nà tóóró náà, Bilqis ló fi ẹ̀yìn rìn. Ìyá Àṣàbí tún àdúrà ṣe fún un níbẹ̀, níwájú gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó ṣe. Sunkún ni Bilqis sun bọ̀ wálé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀bùn tó bá ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó fún yín yóò padà wá gba ohun tó jù ú lọ lọ́wọ́ yín, ó sì lè jẹ́ lára aládùúgbò yín ni ẹ óò ti mú un san. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Ó máa ná yín ní nǹkan, àmọ́ bó bá pẹ́ nílẹ̀, iye rẹ̀ á lé sí i ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bilqis gbé báàgì kọ́ èjìká, ó fẹ́ jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé orí, ó fa ikùn mọ́ra, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ bó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ àtijọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń ṣe yẹn, Bilqis? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Bilqis gbé báàgì sọ̀kalẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba àárín ẹnu ọ̀nà jáde.